Lítà omi mẹ́ta lórí Kokopelli: ṣé ó tó?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

"Ẹ̀yin ará, Denver ni mò ń gbé, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè. Mo ti gun ọ̀nà àpáta Slickrock ní Moab yípo láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, mo ti sọ Porcupine Rim, ọ̀nà míì níbẹ̀, kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ṣubú. Ó wá ń wù mí kí n gun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Kokopelli láti Loma ní Colorado dé Moab ní Utah, èmi nìkan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà torí ìgbà yẹn ni wọ́n fún mi láyè níbi iṣẹ́. Báàgì ẹ̀yìn mi ń gba lítà omi mẹ́ta. Àwọn kan ní kí n má dán an wò rárá, àwọn kan ní kò sí nǹkan tó le tó Porcupine níbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí."

* * *

Àbúrò, àwọn tó ní kò sí nǹkan tó le tó Porcupine níbẹ̀ ò purọ́ púpọ̀, àmọ́ òótọ́ yẹn ò wúlò fún ẹ. Kokopelli jẹ́ máìlì 142, nǹkan bíi kìlómítà 228. Ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ COPMOBA, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Colorado, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú BLM tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, ọ̀nà jíìpù àtijọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, tí wọ́n so mọ́ àwọn ọ̀nà tóóró tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Loma. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó gun Slickrock láìsọ̀kalẹ̀ á gun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tó yàtọ̀ ni pé tí o bá wà lórí Porcupine tí nǹkan ṣẹlẹ̀, o ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí odò ni, títì 128 wà nísàlẹ̀, mọ́tò ń kọjá, ẹnìkan á rí ẹ. Lórí Kokopelli, ibi wà tó jẹ́ pé tí sẹ́ẹ̀nì bá já, wàá ti kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mélòó kan o ò ní rí ẹ̀dá alààyè, fóònù náà ò ní gbé nǹkan kan.

Mo ti gun un parí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti fi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, inú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́: fi oṣù kẹfà sílẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ nígbà yẹn máa ń kọjá 38°C, àpáta á sì gba ooru náà pamọ́, á máa tú u sí ẹ lára títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkejì ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an nílé. Ní Ìbàdàn tí o bá ṣiṣẹ́ lóòrùn, ẹ̀wù rẹ á rin gbingbin, o mọ̀ pé òógùn ń bọ́ lára rẹ. Níbẹ̀, òógùn ti gbẹ kí ojú tó rí i, ẹ̀wù rẹ á gbẹ fọ́kọ́fọ́kọ́, ìlà iyọ̀ funfun nìkan lo máa rí lára ẹ̀, ìwọ á sì rò pé o ò tíì làágùn. Ẹni tó ń gun òkè nínú irú ooru yẹn lè pàdánù lítà kan láàárín wákàtí kan, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wá fi lítà mẹ́ta rẹ ṣírò ẹ̀ fúnra rẹ.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ omi yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ, ọ̀nà méjì lẹ gbà sọ ọ́. Apá kan ní kí èèyàn gbé lítà mẹ́jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà sí wàhálà. Apá kejì ní ẹ̀gbẹ́ odò Colorado ni ọ̀nà náà gbà, kí ló dé tí èèyàn á fi máa ru omi bí ẹni tó ń lọ Sàhárà.

Ẹ̀yin tó ní odò wà nítòsí, ẹ tún un wò. Odò wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta ló wà nígbà tó pọ̀. Láti orí òkè ní ẹ̀gbẹ́ Loma, ojú rẹ á máa rí omi tó ń dán nísàlẹ̀ fún odindi òwúrọ̀, o ò ní rí ọ̀nà tí wàá gbà dé ìdí ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè dé omi ò pọ̀: apá Westwater, àwọn etídò tó wà lẹ́yìn Cisco, lẹ́yìn náà Dewey níbi afárá. Tí o bá ti kúrò ní Dewey tí o ń gòkè lọ, odò ti parí nìyẹn. Òkè lo máa gùn, àfonífojì gbígbẹ lo máa sọ̀ sí, o lè lo odindi ọjọ́ kí o tó tún rí omi tó ṣeé mu. Onion Creek wà lápá Fisher Valley lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ àtàwọn nǹkan inú ilẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, má fẹnu kàn án.

Ẹ̀yin tó ní kí ó gbé lítà mẹ́jọ láti Loma náà, lítà kan kìlò kan ni o. Kìlò mẹ́jọ lórí ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ gun òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn Salt Creek, níbi tí àwa púpọ̀ ti máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lérí gòkè, á tán ẹ lágbára kí o tó dé ibi tí o ti nílò agbára. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń gbé mẹ́rin láti Loma, màá rọ kún un létí odò, tí mo bá dé Dewey màá kún gbogbo nǹkan tó lè gba omi, ó kéré tán lítà méje, màá sì pín in: mẹ́ta lẹ́yìn, ìyókù lára kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, lára fókì tó di táyà iwájú mú àti láàárín irin. Omi tó wà nísàlẹ̀ kì í ti kẹ̀kẹ́ ṣubú bí èyí tó wà lẹ́yìn.

* * *

Ẹni tó béèrè pé ṣé odò yẹn ṣeé mu: ó ṣeé mu tí o bá mọ bó o ṣe máa ṣe é. Àwọn ará Spéènì ló sọ ọ́ ní Colorado torí àwọ̀ pupa ẹ̀, nígbà míì sì rèé, bí o bá bù ú sínú ike, o ò ní rí ìsàlẹ̀ ike náà. Ẹrẹ̀ ni. Tí o bá gbé àsẹ́ olówó iyebíye rẹ bọ̀ ọ́ báyìí, lítà méjì, mẹ́ta, ó ti dí, o ò ní rí omi fún jáde mọ́. Mo ti rí ẹni tó jókòó sétí odò ní Dewey tó ń fi gbogbo ara tẹ àsẹ́ títí ó fi bẹ́.

Álọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin tí ìyá yín rán lọ ponmi odò láyé ọjọ́sí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà wa odò níbẹ̀ náà ń lò ó, kò ṣàjèjì sí wọn. Èmi máa ń gbé korobá aláṣọ kan tó ṣeé ká dání. Màá bu odò sínú ẹ̀, màá fi kókó álọ́ọ̀mù ro ó yípo bí ìgbà mẹ́wàá, màá yọ kókó náà, màá fi aṣọ bo korobá. Kí n tó jẹun tán, ẹrẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ pọ̀ bí ògì tó ń tòrò, á máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa tó nǹkan bíi wákàtí kan, omi òkè á mọ́ kedere, ẹrẹ̀ pupa á jókòó sísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ. Rọra bu ti òkè, má mì í. Lẹ́yìn náà ni kí o wá sẹ́ ẹ, torí álọ́ọ̀mù ò pa kòkòrò àìsàn, ẹrẹ̀ ló ń kó wálẹ̀. Ẹ má fo sísẹ́ yẹn.

* * *

Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi fi ọ̀nà náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, òjò ni, màá dé bẹ̀. Ti ìkejì ló kàn ẹ, àbúrò.

Oṣù kẹsàn-án ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan. A sùn sí Dewey, lẹ́bàá afárá àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1916 tó jóná ní 2008, wáyà irin ẹ̀ ṣì ta kọjá lókè odò láìsí pákó kankan lórí ẹ̀. Láàárọ̀ a kún omi dáadáa, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kí oòrùn tó yọ. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó dùn mọ́ mi, mo rò pé òógùn ni. Mo gùn ún bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Àfi ìgbà tí a dúró níbòji àpáta tí mo fọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò mi, ó rin gbingbin, ìgbà yẹn ni àyà mi já, torí pé òógùn kì í rin aṣọ níbẹ̀. Mo tú báàgì. Ìgbà tí mo dè é ni mo ti fún ẹnu rọ́bà ìfamu mọ́ abẹ́ okùn, ó ń kán tó-tó-tó látìgbà tí a ti kúrò. Lítà mẹ́ta tó wà níbẹ̀, èyí tó kù ò kún kọ́ọ̀pù méjì. Aṣọ tí mo fẹ́ fi sùn ló mu ìyókù.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká tẹ̀ síwájú, pé a ti gun òkè tó le jù, pé omi tó kù lára kẹ̀kẹ́ àwa méjèèjì á gbé wa dé ibi tí omi wà lókè. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ Dewey ni omi tí mo fojú rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ti iwájú, orí àwòrán ilẹ̀ ni mo ti rí i. A yí padà. Inú ń bí i, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìsàlẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Látìgbà yẹn, tí mo bá ti mu ìdajì omi mi tí mi ò tíì gun ìdajì ọ̀nà tó kàn, mi ò ní jiyàn pẹ̀lú ara mi, mo ti ń padà nìyẹn. Bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì le ni o, bóyá ọ̀nà náà ṣì ń dùn mọ́ mi ni o.

* * *

Ẹni tó ní Lachlan Morton, ọmọ Australia yẹn, gun gbogbo ẹ̀ láìpé wákàtí 12 ní 2020, nítorí náà ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù: ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gígùn. Ẹni tó ń sáré bẹ́ẹ̀ kò ru àgọ́, kò ru aṣọ oorun, kò sì dúró se oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ru ẹrù, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún là ń lò. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa fi eré ìje ṣe òṣùwọ̀n fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, ẹ dákun.

* * *

Rose Garden Hill. Àwọn tó gùn ún mọ̀ pé òdòdó kankan ò sí níbẹ̀. Tí o bá ń bọ̀ láti Loma, ìsọ̀kalẹ̀ ni, ó wọ́ sínú Fisher Valley: àkàsọ̀ àpáta tó ga dé orúnkún, tí òkúta tó lè yí lábẹ́ táyà wà láàárín wọn. Ẹ̀ ń jiyàn pé ṣé ó ṣeé gùn. Ó ṣeé gùn. Tí kẹ̀kẹ́ rẹ bá ṣófo, tí ẹnìkan wà pẹ̀lú ẹ, tí o rẹ ìjókòó sílẹ̀ pátápátá, tí o ti ìdí sẹ́yìn, tí o sì ń tu bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí táyà má baà máa yọ̀ lórí òkúta.

Pẹ̀lú ẹrù ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Mo ní báàgì ńlá lábẹ́ ìjókòó. Mo rẹ ìjókòó sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo já àkàsọ̀ kejì, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wọlé, táyà sì gbé báàgì náà mọ́ra, ó há, táyà ẹ̀yìn dúró gbọn-in nígbà tí ti iwájú ṣì ń lọ. Ọlọ́run ló yọ mí, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi lélẹ̀, ìgúnpá mi bó. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún pẹ̀lú ẹrù, kó kọ́kọ́ dán an wò nílé: tú afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀kì, tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ tán pátápátá, kó wò ó bóyá táyà kan báàgì. Èmi o, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni báyìí, màá fa kẹ̀kẹ́ wálẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún ló máa ná ẹ. Ẹsẹ̀ tó bá rọ́ níbẹ̀, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé, o lè dúró dé ọjọ́ kejì.

* * *

Ọ̀rọ̀ táyà, kíákíá. Tubeless ni, táyà tí kò ní túùbù nínú, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀gún kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní goathead, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ lásán tẹ dágunró nílé, irú ẹ̀ ni, bó o ṣe gbé e sílẹ̀ ẹnu ẹ̀ kan á dojú kọ òkè. Omi gọ́ọ̀mù inú táyà á dí ihò rẹ̀ fúnra ẹ̀. Má yọ ẹ̀gún náà níbi tí o bá ti rí i tí táyà ò bá jò, jẹ́ kó wà níbẹ̀ dé àgọ́. Tí o bá wá fẹ́ ki túùbù bọ̀ ọ́ torí táyà ya, fi ìka rọra wá inú táyà yípo kí o tó ki í, torí àwọn ẹ̀gún tí gọ́ọ̀mù ti dí ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á lu túùbù tuntun lójú ẹsẹ̀. Gééjì, èmi máa ń lo 24 PSI níwájú, 26 lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ẹni tó bá sanra jù mí lọ kó fi kún un.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston ní kí ó gbé gàrí, pé oúnjẹ tó fúyẹ́ tó sì ń yó ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, níbi tí omi bá ti wọ́n, gàrí ló kọ́kọ́ máa mu ú. Ìlọ́po méjì, mẹ́ta ló máa wú, omi yín ló máa fi wú. Tí ẹ bá wà létí odò lálẹ́, ó dáa, mo máa ń ṣe ẹ̀bà níbẹ̀ gan-an. Lójú ọ̀nà, kúlíkúlí àti dòdò ìkírè tí ìyàwó mi ń dín ni mo máa ń jẹ, kò béèrè omi púpọ̀. Kúlíkúlí oníyọ̀ sì dáa jù, torí iyọ̀ ń bá òógùn lọ, ẹni tó bá ń da omi lásán mu láìfi iyọ̀ sí i, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á sì rò pé omi ni kò tó, á tún mu sí i. Ewu ńlá ni.

* * *

Mo ní màá dé orí òjò. Lápá Cisco, ilẹ̀ eérú kan wà tó dàbí pé kò sí nǹkan lára ẹ̀. Tí òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá rọ̀ sí i, ó di amọ̀ amọ̀kòkò. Á wé mọ́ táyà, á kún fókì, sẹ́ẹ̀nì á dí, kẹ̀kẹ́ ò ní yí mọ́, o ò sì ní lè gbé e torí amọ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ nìyẹn, a ti í tó máìlì kan láàárín wákàtí méjì ká tó jókòó. Ká ní a jókòó látìbẹ̀rẹ̀ ni, oòrùn á ti gbẹ ẹ́ kí ọjọ́ tó rọ̀. A ò mọ̀ nígbà náà, ìgbà tí ó fi gbẹ, jíà ọ̀rẹ́ mi ti wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, má pàgọ́ sínú ipa odò gbígbẹ, òjò tó rọ̀ lórí òkè jíjìn tí o ò rí ló máa gbé omi wá bá ẹ.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Ẹ dẹ́kun gbígba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí àti yẹra fún iyanrìn. Ilẹ̀ dúdú tó rí pálapàla bí èépá yẹn, ohun alààyè ni: àwọn nǹkan wínníwínní tó so iyanrìn pọ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ipa táyà kan lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni kí ó tó bò. Orí àpáta tàbí ojú ọ̀nà, ibi tí táyà gbọ́dọ̀ wà nìyẹn.

* * *

Lílọ ní ìwọ nìkan. Ẹ̀yin tó ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láéláé, mi ò bá yín lọ dé òpin, mo mọ àwọn tó ń dá lọ tí wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ wọn ò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gun ọ̀nà náà ní wẹ́wẹ́, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti lè já sí títì. Àbúrò, lo òpin ọ̀sẹ̀ kan láti Loma dé Rabbit Valley, kí o padà sílé. Lọ́jọ́ míì, ìwọ àti ẹlòmíì, láti Dewey gòkè. Lẹ́yìn náà tí o bá ní o fẹ́ dá gbogbo ẹ̀ gùn, màá kí ẹ kú oríire. Kí o sì gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, irú inReach, kí ó so mọ́ ara rẹ, kì í ṣe mọ́ kẹ̀kẹ́, torí tí ẹ bá jọ ṣubú, o lè máà dé ìdí kẹ̀kẹ́.

* * *

Àbúrò tó béèrè ti padà wá, ó ní òun ti bẹ ọ̀gá òun, wọ́n ti sún ìsinmi òun sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, àti pé ẹ̀gbọ́n kan láti inú ìjíròrò yìí ní òun á bá a lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú, òótọ́ ni. Oṣù kẹwàá dáa, àmọ́ ọ̀nà náà ga tó nǹkan bíi 2,600 mítà lẹ́bàá àwọn òkè La Sal, òtútù òru ibẹ̀ kò ṣeé fojú di, ẹ gbé aṣọ tó nípọn dání.

Ó ní ṣé àwọn lè fi mọ́tò gbé omi pamọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ lè ṣe é, ohun tí mo ṣe nígbà tí mo gùn ún parí nìyẹn. Ẹ gbé e sí apá òkè, lẹ́yìn Fisher Valley níbi tí ọ̀nà jíìpù ti já, torí Dewey ti ní odò tirẹ̀. Ẹ má lo gálọ́ọ̀nù mílíìkì, ó fẹ́lẹ́ jù, eku á jẹ ẹ́, oòrùn á sì bẹ́ ẹ. Ike tó nípọn ni kí ẹ lò, ẹ fi sí ẹ̀yìn òkúta tí oòrùn ọ̀sán ò ní dé. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ máa dé sí i lára, kí ẹlòmíì má baà rò pé wọ́n pa á tì ni. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, òkúta náà àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí gbogbo wọn ló máa jọra tí ó bá ti rẹ̀ yín. Kí ẹ sì padà lọ kó ike náà lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá parí.

Kí ẹ tó kúrò ní Dewey láàárọ̀, ẹ gbé báàgì omi lé orí pákó gbígbẹ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé e kúrò, ẹ fọwọ́ kan pákó náà.